Iṣẹ́ Ààbọ̀ Ọjọ́ Láàárín Wa: Ohun Tó Ń Ṣe fún Òṣìṣẹ́ àti fún Ẹni Tó Gbà Á Síṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa obìnrin ọlọ́jà gbé kalẹ̀ níbi ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ ní Ìlerò)

   

Ní ọdọọdún, bí akápò bá ti ka ìṣirò owó tán, a máa ń mú ọ̀rọ̀ kan wá tí a ó jọ gbé yẹ̀ wò. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fún wákàtí díẹ̀ láàárọ̀ ni, tàbí lọ́jọ́ ọjà nìkan, tàbí nígbà ìkórè nìkan, tí yóò gba owó rẹ̀, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tó kàwé ń pè é ní páàtì-táìmù. Àwa ń pè é ní iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn oníléeṣẹ́ Èkó nìyẹn o. Ta ni nínú wa tí kò gba ọmọ kan rí kó bá òun bẹ ẹ̀gẹ́, kó bá òun yan gàrí, kó bá òun bó ẹ̀gúsí, kó bá òun ṣa kajú, kó bá òun ru ẹrù lọ́jọ́ ọjà? Ta ni nínú wa tí ọmọ tirẹ̀ náà kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ kan wa ń gbani síṣẹ́, ọwọ́ kejì ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ilé kálukú.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Nígbà ìkórè tó kọjá, ìyá kan wọlé tọ ìgbìmọ̀ wá. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, láti aago méje sí aago mọ́kànlá àárọ̀, kó tó lọ síbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọ̀bẹ ge ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì jinlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò lè fi ọwọ́ náà ṣe nǹkan kan. Kò lè bẹ ẹ̀gẹ́, kò sì lè di abẹ́rẹ́ mú. Owó iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n san fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àpótí rẹ̀.

Ìyá náà kò bá wa jà. Ó kàn bi wá léèrè ni. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ fún?"

Èsì tí a fún un kò dára. A ní ọmọ rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́, pé ó kàn ń wá ran ẹni náà lọ́wọ́ láàárọ̀ ni. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí wa, ó dìde, ó lọ. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wá lọ́kàn. Bí kò bá jẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ̀gẹ́ ta ló ń bẹ? Gàrí ta ni a gbé lọ sọ́jà? Láti ìgbà náà ni a ti ń bèèrè, tí a sì ń wádìí. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ fún yín.

Iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Àwọn bàbá wa ní àárò. Lónìí, a ó ro oko tèmi. Lọ́la, a ó ro tìrẹ. Kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè wà níbẹ̀: ẹni tó bá jẹ tí kò san, ojú á tì í láàárín ẹgbẹ́. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á bẹ ẹbí àti ọ̀rẹ́, á filé pọntí, á fọ̀nà rokà. Wọ́n sì ní àgbàṣe, kí ẹni kan gba iye ebè kan kọ, kí ó gba owó rẹ̀, kí ó máa lọ. Gbogbo wa la mọ àwọn alágbàṣe tó ń ti ìhà Kutọnu àti òkè Ọya wá sí Òkè-Ògùn lákòókò iṣẹ́ oko.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò yẹ ká gbàgbé, ìyẹn ìwọ̀fà. Ẹni tó bá yá owó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ìwọ̀fà tó ti dàgbà lè ṣiṣẹ́ fún olówó ní apá kan ọjọ́, kó sì lọ sí oko ara rẹ̀ ní apá kejì. Ṣùgbọ́n èlé orí owó ni gbogbo iṣẹ́ yẹn jẹ́. Owó gan-an kò dín ní kọ́bọ̀. Ì báà ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni wọn yóò san kó tó bọ́. Ìjọba òyìnbó ló wá fòfin dè é.

Kí ló dé tí a fi ń pìtàn ìwọ̀fà níbi ọdún ẹgbẹ́? Nítorí pé àwọn kan nínú wa ti fẹ́ dá a padà láìmọ̀. Ọmọ tó ń bá wa ta ọjà á yá owó ilé-ìwé tàbí owó ilé ìwòsàn lọ́wọ́ wa. A ó ní kó máa fi iṣẹ́ san án. A kò kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù méjì kọjá, oṣù mẹ́fà kọjá, kò mọ iye tó kù, àwa náà kò sì mọ̀ ọ́n dájú. Kò lè lọ síbòmíràn, kò lè ní ká fi kún owó òun. Bí kì í bá ṣe ìwọ̀fà, kí ni à ń pe ìyẹn?

Ìdí tó fi ń pọ̀ sí i

Ìdí àkọ́kọ́ wà nínú òwò wa fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, ọwọ́ mẹ́wàá kì í tó wa. Lọ́jọ́ kejì ọjà, àwa fúnra wa là ń fọwọ́ lẹ́rán. Ìgbà kajú ní ọ̀wọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, ìgbà àgbàdo ní tirẹ̀, ìgbà iṣu tuntun ní tirẹ̀. Ẹni tó bá gba èèyàn mẹ́wàá tó ń sanwó oṣù fún wọn láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, owó rẹ̀ á run.

Ìdí kejì ni ọ̀wọ́n nǹkan. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí owó ọkọ̀ láti ibí dé Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara tí a jọ pààlà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wá síṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ dípò ọjọ́ márùn-ún, nítorí owó ọkọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé bí aládàáni bá dín ọjọ́ iṣẹ́ kù, owó náà ló máa ń dín.

Ìdí kẹta ni pé àwọn ọmọ wa kàwé, iṣẹ́ oṣù kò sì tó wọn. Ẹ wo ilé-ìwé aládàáni: tíṣà kan ń kọ́ni lọ́jọ́ méjì níbí, lọ́jọ́ méjì lọ́hùn-ún, ó ń ránṣọ lálẹ́. Ẹ wo àwọn tíṣà tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ń dáwó san fún. Ẹ wo àwọn ọmọ wa tó wà ní Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí, tí wọ́n ń fi òpin ọ̀sẹ̀ wá owó ìwé.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, NBS, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní oṣù mẹ́ta tó parí ọdún 2022, bí ẹni 36 nínú 100 tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ni iṣẹ́ wọn kò tó 40 wákàtí lọ́sẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, bí ẹni 33 ni. Àwọn wo ló pọ̀ jù nínú wọn? Wọ́n ní obìnrin ni, àti ọ̀dọ́, àti àwọn tí ìwé wọn kò pọ̀, àti ará ìgbèríko. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwa ni wọ́n kà yẹn o.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2020, NBS sọ pé bí ẹni 33 nínú 100 tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kò ríṣẹ́. Nígbà tó di ọdún 2023, wọ́n gbé ìṣirò mìíràn jáde, iye náà wá di 5 àti díẹ̀. Ṣé iṣẹ́ ya wọlé ni? Rárá. Ọ̀nà ìkà ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Ní báyìí, wọ́n ń tẹ̀lé ọ̀nà tí àgbáyé ń lò, tó ní ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ ti kúrò ní aláìríṣẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ wákàtí kan kò tíì rí owó tí yóò fi ra ìyẹ̀fun ọ̀sẹ̀ kan.

Èrè tó wà níbẹ̀

A kò wá bú iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Bí kò bá sí i, opó tó ní ọmọ kékeré mẹ́ta kò ní lè ṣe nǹkan kan, nítorí kò lè fi ilé sílẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní rí owó oúnjẹ. Ìyá àgbà tí agbára rẹ̀ ti dín kù ṣì lè jókòó bó ẹ̀gúsí fún wákàtí méjì kí ó sì rí owó ọbẹ̀. Àwa tí a ń gbani síṣẹ́ náà ń rí ọwọ́ lásìkò tí a nílò ọwọ́, láìjẹ gbèsè owó oṣù nígbà tí ọjà bá dákẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A nílò ara wa.

Ìpalára fún ẹni tó ń ṣe é

Àkọ́kọ́, kò mọ ohun tí yóò gbà lọ́la. Bí òjò bá rọ̀, kò síṣẹ́. Bí ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ bá bàjẹ́, kò síṣẹ́. Ẹni tí kò mọ ohun tí yóò gbà kò lè dá àjọ, kò sì lè rí onígbọ̀wọ́ tí yóò dúró fún un láti yáwó. Àwa náà nínú ẹgbẹ́ yìí, mélòó nínú wọn la ti gbà wọlé?

Èkejì, bí ara rẹ̀ kò bá yá, owó dúró. Bó bá bímọ, owó dúró. Bó bá darúgbó, kò sí nǹkan kan nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ mẹ́ta lè ju odidi iṣẹ́ kan lọ. Ẹlòmíràn ń bẹ ẹ̀gẹ́ láàárọ̀, ó ń gbálẹ̀ ilé-ìwé lọ́sàn-án, ó ń ta àkàrà lálẹ́. Kálukú àwọn tó gbà á síṣẹ́ ń rò pé iṣẹ́ díẹ̀ ló ń ṣe. Òun nìkan ló mọ bó ti rẹ òun tó.

Ìpalára fún àwa tí à ń gbani

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹni tó bá ń san owó díẹ̀ ló ń jèrè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá ń pààrọ̀ ọwọ́ lóṣooṣù, oṣooṣù la ó máa kọ́ ẹni tuntun. Ẹni tuntun kò mọ ìgbà tí iná gàrí pọ̀ jù. Kò mọ bí a ṣe ń fún omi ẹ̀gẹ́ dáadáa. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwa ìgbìmọ̀ gan-an: ọwọ́ tuntun kò yan gàrí gbẹ, àpò mẹ́ta bàjẹ́ kó tó dọ́jà. Owó àpò mẹ́ta yẹn ju iye tí à bá fi kún owó ọwọ́ àtijọ́ fún odidi ọdún lọ.

Ẹni tó bá sì mọ̀ pé wọ́n lè lé òun lọ́la kò ní sọ fún wa pé oníbàárà kan ń bínú, kò ní sọ pé òṣùwọ̀n wa ti ń yẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe, kì í ṣe tiwa ló ń tọ́jú. Lọ́jọ́ ọjà tó bá gbóná jù, bí ẹlòmíràn bá fi igba náírà kún un, ó lọ nìyẹn. Ṣé a lè dá a lẹ́bi? Àwa la kọ́kọ́ fi hàn án pé òní nìkan la jọ ní.

Ohun tí òfin sọ

Òfin owó oṣù tó kéré jù ti ọdún 2019 sọ ọ́ di 30,000 náírà. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n gbé e sí 70,000 náírà, wọ́n sì ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta dípò márùn-ún. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa fọwọ́ sí 80,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2019 yọ àwọn kan sílẹ̀: ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, òṣìṣẹ́ páàtì-táìmù, ẹni tó ń gba owó lórí iye tó bá ṣe, àti òṣìṣẹ́ ìgbà ìkórè. Ẹ ti rí i pé gbogbo àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló bọ́ sínú àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò mú wa. Síbẹ̀, a lè fi ṣe òṣùwọ̀n fún ẹ̀rí ọkàn wa. Bí a bá pín 70,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, ọjọ́ kan jẹ́ bíi 2,690 náírà. Ààbọ̀ ọjọ́ á jẹ́ bíi 1,345. Kí kálukú lọ wo ohun tó ń san.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó ti wà láti ọdún 1974, sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹni tó gbà á fún un ní ìwé tó sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe, iye owó rẹ̀ àti ìgbà tí yóò máa gbà á. Ó ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ó ní bí iṣẹ́ bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, a kò gbọdọ̀ lé èèyàn lójijì. Ó kéré tán, ká ti sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣe òfin lórí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin náà ní kí ẹni tó gbani síṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ sínú àpò NSITF, kí àpò náà lè tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Ta wá ni òfin náà pè ní òṣìṣẹ́? Ó ní ì báà jẹ́ àdéhùn ẹnu tàbí ti ìwé, ì báà jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ìgbà tàbí páàtì-táìmù, ì báà jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọmọ ìkọ́ṣẹ́, òṣìṣẹ́ ni.

Èsì ìbéèrè ìyá yẹn nìyẹn. Ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Àwa la kò mọ̀.

Bí ọmọ tiwa bá wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn

Ọ̀kan nínú wa níbí ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Yunifásítì ló bá lọ. Físà akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò gbà á láyè ju 20 wákàtí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, irú iṣẹ́ tí wọn kì í ṣèlérí wákàtí kankan fún èèyàn: bí wọ́n bá nílò rẹ̀, wọ́n á pè é, bí wọn kò bá nílò rẹ̀, kó jókòó sílé. Ọmọ náà pè ní alẹ́ ọjọ́ kan pé ọ̀sẹ̀ yẹn wọn kò pe òun rárá, owó ilé sì ti tó san. Ìyá rẹ̀ kò sùn. Nígbà tí a ṣèpàdé, ó ní, "Ṣé wọn kò mọ̀ pé ọmọ èèyàn ni?"

Ẹnìkan nínú wa dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ tí ìyá ọmọ tí ọ̀bẹ ge lọ́wọ́ wá sọ náà nìyẹn." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Àwọn òyìnbó náà kò tíì yanjú rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbìyànjú. Ní ọdún 1994, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ṣe àdéhùn kan lórí iṣẹ́ páàtì-táìmù. Ní oṣù keje ọdún 2000, òfin kan bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní a kò gbọdọ̀ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wo ẹni tó ń ṣe ààbọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le: ẹni tó ṣe ààbọ̀ iṣẹ́, kó gba ààbọ̀ owó, kó gba ààbọ̀ ìsinmi, kó gba ààbọ̀ ẹ̀bùn. Kó má jẹ́ pé ó ṣe ààbọ̀ iṣẹ́, kó wá gba òfo.

Ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé gbogbogbò fọwọ́ sí

Ìgbìmọ̀ mú àbá márùn-ún wá. Kì í ṣe àṣẹ o, àbá ni. Ẹ̀yin lẹ ni ẹgbẹ́.

Èkíní, kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gba ọwọ́ ra ìwé kékeré kan. Kó kọ orúkọ, ọjọ́, iṣẹ́ àti owó síbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá yáwó, kí ó wà níbẹ̀, kí gbogbo ohun tó bá san sì máa dín in kù. Kí ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé lè mú ọmọ rẹ̀ kọ ọ́.

Èkejì, kí owó iṣẹ́ òní má di ọ̀la. Ẹni tó bá ní ká wá lọ́la, òun ló ń yáwó lọ́wọ́ aláìní.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ dá àpò kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ wa. Iye tí a ó máa dá, ìpàdé ni yóò sọ ọ́. Àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn pọ̀ nínú wa, kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF. Ìgbìmọ̀ yóò bá wọn lọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ọdún bá dé, bí a bá ń fún ẹni tó ń ṣe odidi iṣẹ́ ní ìrẹsì àti òróró, kí a fún ẹni tó ń ṣe ààbọ̀ ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́ fún wọn. Kí ẹni tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lè máa fi ohun kékeré pamọ́ lójoojúmọ́ bí alájọ ṣe ń gbà á, kí ó sì lè yáwó lórí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọ̀nà mìíràn tún wà fún ọjọ́ ogbó. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún àwọn tí kì í gba owó oṣù, irú àwa ọlọ́jà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní náírà 40 nínú 100 tí èèyàn bá fi sí i ṣeé yọ bí ìnáwó bá dé, ìyókù di ìgbà tó bá fẹ̀yìn tì. Kí a pe àwọn tó mọ̀ ọ́n wá ṣàlàyé fún wa.

Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọmọ wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ máà ro pé ẹ̀yìn yín nìkan la wà. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè wá lọ́jọ́ ọjà, ẹ jẹ́ ká mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá gba owó iṣẹ́ ṣáájú, ẹ má sá lọ. Ẹ má bu nínú ọjà tí wọ́n fi ṣọ́ yín, ẹ má yí òṣùwọ̀n. Orúkọ rere ni ìwé ẹ̀rí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí. Bí ọmọ bá wà ní ilé-ìwé, kí ó parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kó tó wá síbi ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ má fi ìwé ọmọ ṣe owó ọbẹ̀.

Ní ìparí, ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn já sí. A lọ bẹ ìyá rẹ̀ nílé. A kò rán èèyàn, àwa fúnra wa la lọ. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ dá owó ilé ìwòsàn padà, ó sì san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà ti padà sẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Àpá ọ̀bẹ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì wà níbẹ̀. Ìgbàkígbà tí a bá rí àpá náà, ẹ jẹ́ kó máa rán wa létí pé ọwọ́ tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ wa, ọwọ́ ọmọ ẹnìkan ni.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọdún á yabo. Ọjà á tà, owó á wọlé, a kò ní fi ọwọ́ osì ṣírò ara wa. Àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi, Ọlọ́run á fi wọ́n sọ́wọ́ ẹni tó mọ iyì èèyàn. Ọmọ ẹlòmíràn tó wà lọ́wọ́ wa, a ó lò ó bí a ti fẹ́ kí wọ́n lo tiwa.